Ignaz Semmelweis, Ẹni tí Ó Ní Kí Àwọn Oníṣègùn Wẹ Ọwọ́ Wọn

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ àdúrà tí àwọn àgbà máa ń gbà fún aboyún, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti rí i nígbà púpọ̀ pé a gbọ́ igbe ìkókó, ilé kún fún ayọ̀, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ìyá ọmọ ti di ẹni ilẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé wa yìí ni ti ọkùnrin kan tí ó fi ayé rẹ̀ jà kí a lè máa gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni Ignaz Semmelweis. Ó rí òtítọ́ kan tí ọmọdé pàápàá lè lóye, tí kò sì gba owó púpọ̀ láti fi ṣe ìwà hù. Síbẹ̀ òtítọ́ náà sọ ọ́ di ẹni ìkórìíra láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kú kí ayé tó gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1818 ni a bí i ní ìlú Buda, ní ilẹ̀ Hungary. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ohun jíjẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tó ẹnu dáadáa. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n jẹ́ nínú ilé náà, Ignaz sì ni ìkarùn-ún. Nígbà tí ó di ọdún 1837, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ìlú Vienna, olú ìlú ilẹ̀ Austria, kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí ọkàn rẹ̀ fi kúrò nínú ẹ̀kọ́ òfin, tí ó sì yí padà sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1844 ó gba oyè oníṣègùn. Nígbà tí kò rí àyè níbi iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fẹ́, ó yà sí iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Báyìí ni ọwọ́ Ọlọ́run ti darí rẹ̀ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò pinnu láti lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá kan wà ní Vienna nígbà náà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo Europe. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin tálákà máa ń lọ bímọ láìsan owó. Ohun tí a sì ń gbà lọ́wọ́ wọn dípò owó ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wọ́n kọ́ṣẹ́. A pín ilé ìgbẹ̀bí náà sí ẹ̀ka méjì. Láti ọdún 1840, ẹ̀ka kìíní jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ẹ̀ka kejì sì jẹ́ ti àwọn obìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Bí ẹ̀ka kìíní bá gba aboyún lónìí, ẹ̀ka kejì ni yóò gbà á lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é ní àgbàyípo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1846, ọjọ́ tí Semmelweis pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ni ó di olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Klein, ọ̀gá ẹ̀ka kìíní.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè sùn. Àrùn kan wà tí à ń pè ní ibà abiyamọ. Obìnrin yóò bímọ tán, yóò máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, òtútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí mú un tí yóò máa gbọ̀n, ara rẹ̀ yóò gbóná bí iná, ikùn rẹ̀ yóò wú, kò ní í jẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi kú. Nígbà míràn ọmọ a bá ìyá lọ. Ní ọdún 1846, abiyamọ 4,010 ni ó bímọ ní ẹ̀ka kìíní, 459 nínú wọn sì kú. Ní ẹ̀ka kejì, 3,754 ni ó bímọ, 105 ni ó sì kú. Èyí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún abiyamọ, ó lé ní mọ́kànlá tí ń kú lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, nígbà tí kò pé mẹ́ta tí ń kú lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí. Ìlú mọ̀ ọ́n. Àwọn aboyún tí ọjọ́ wọn bọ́ sí ti ẹ̀ka kìíní a máa kúnlẹ̀, wọn a máa fi omijé bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé wọn lọ síbẹ̀. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn tí ó bímọ sí ojú títì, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kì í sábà ní ibà náà. Ojú títì sàn fún abiyamọ ju ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lọ!

Kí ni ó fà á? Àwọn àgbà oníṣègùn ìgbà náà ní ìdáhùn púpọ̀. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ burúkú tí ń fẹ́ lórí ìlú ni; ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń fẹ́ sí ẹ̀ka méjèèjì. Àwọn míràn ní èrò pọ̀ jù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kejì ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn aboyún ń sá sí. Àwọn kan tún ní ẹ̀rù ni ó ń pa wọ́n, nítorí pé àlùfáà tí ń lọ gbàdúrà fún ẹni tí ń kú lọ a máa gba àárín àwọn yàrá ẹ̀ka kìíní kọjá, tòun ti ẹni tí ń lu agogo níwájú rẹ̀. Semmelweis bẹ àlùfáà náà kí ó gba ọ̀nà míràn, kí a má sì lu agogo mọ́. Ikú kò dáwọ́ dúró. Ó rí i pé ní ẹ̀ka kejì àwọn aboyún a máa fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bímọ, ó sì ní kí àwọn ti ẹ̀ka kìíní náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ikú kò dáwọ́ dúró. Ìgbìmọ̀ kan sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni kò mọ bí a ti í fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ yẹ obìnrin wò, a sì dín iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kù. Ikú rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún ru gùdù padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bí ọkùnrin yìí ti ń ṣe é. Kò jókòó kí ó máa ṣe àròsọ. Bí a bá sọ ìdí kan, yóò mú ìdí náà kúrò, yóò sì ka iye òkú. Bí iye òkú kò bá dín, ó mọ̀ pé ìdí náà kọ́ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1847, ó lọ sí ìlú Venice láti fi ara rẹ̀ sinmi díẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, òkìkí ikú ni ó kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé ìwòsàn náà, ti kú. Níbi tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la òkú láti wo ohun tí ó pa á, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un ní ìka. Ojú ọgbẹ́ kékeré náà ni àrùn gbà wọ inú ara rẹ̀ tí ó sì pa á. Semmelweis sọkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú ìwé tí a kọ nípa ohun tí a rí nínú òkú Kolletschka, ó sì kà á. Bí ó ti ń kà á ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bù máṣọ. Ohun gbogbo tí a rí nínú ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni òun ti ń rí lójoojúmọ́ nínú ara àwọn abiyamọ tí ibà pa. Àrùn kan náà ni!

Bí ó bá jẹ́ àrùn kan náà, ọ̀nà tí ó gbà wọlé kò lè jìnnà sí ara wọn. Ọ̀bẹ ni ó gbé ohun ìdíbàjẹ́ láti ara òkú wọ inú ẹ̀jẹ̀ Kolletschka. Ta ni ó gbé e wọ inú àwọn abiyamọ? Ní àràárọ̀, àwọn oníṣègùn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa la òkú. Láti ibẹ̀ wọn a gba ẹ̀ka kìíní lọ, wọn a sì fi ọwọ́ kan náà yẹ àwọn aboyún wò. Lóòótọ́ wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n òórùn òkú kì í tán ní ọwọ́ wọn. Àwọn agbẹ̀bí ẹ̀ka kejì ní tiwọn kì í fi ọwọ́ kan òkú rárá. Àṣírí tú. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í ṣe agogo àlùfáà. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó gbani là ni ó ń pani.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a ro bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lọ́kàn Semmelweis fúnra rẹ̀. Aláápọn ènìyàn ni. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í la òkú àwọn abiyamọ tí ó kú, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí ó pa wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó wà láàyè. Bí ó ti ń wádìí ikú tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ikú kiri. Ó gbà nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye àwọn tí ó tipasẹ̀ òun wọ ibojì láìtọ́jọ́. Kò fi ẹ̀bi náà pamọ́, kò sì wá ẹni tí yóò dì í rù.

Ní àárín oṣù Karùn-ún ọdún 1847 ó gbé òfin kan kalẹ̀. Ó gbé àwo omi tí a po klórínì sí ka ẹnu ọ̀nà, irú nǹkan tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ lóde òní, ó sì ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọlé tọ aboyún lọ gbọ́dọ̀ fi omi náà fọ ọwọ́ rẹ̀ títí òórùn òkú yóò fi tán. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, kí òfin tó dé, abiyamọ 57 ni ó kú nínú 312. Ní oṣù Kẹfà, mẹ́fà péré ni ó kú nínú 268; ní oṣù Keje, mẹ́ta nínú 250. Ní gbogbo ọdún 1848, 45 ni ó kú nínú 3,556 ní ẹ̀ka kìíní, 43 sì kú nínú 3,319 ní ẹ̀ka kejì. Ẹ̀ka méjèèjì di ọgbọọgba. Oṣù méjì tilẹ̀ wà nínú ọdún 1848 tí abiyamọ kan ṣoṣo kò kú ní ẹ̀ka kìíní.

Kì í ṣe pé kò tún sí ẹ̀kọ́ láti kọ́ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1847, obìnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ wà ní ilé ọmọ rẹ̀, tí ọyún sì ń jáde lára rẹ̀, dùbúlẹ̀ sí ibùsùn àkọ́kọ́ nínú yàrá. Òun ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ọṣẹ nìkan ni wọ́n sì fi ń wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó kàn sí àwọn ìyókù. Nínú abiyamọ méjìlá tí ó wà nínú yàrá náà, mọ́kànlá ni ó kú. Nígbà náà ni Semmelweis mọ̀ pé kì í ṣe òkú nìkan ni ó ń fi ikú ránṣẹ́. Alààyè tí egbò rẹ̀ ń ṣọyún lè fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ó pàṣẹ pé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ọwọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú omi klórínì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ìtàn náà dé ibí yìí yóò rò pé a gbé ọkùnrin náà gun ẹṣin, a sì fi ìlù àti ijó tẹ̀ lé e kiri ìlú. Rárá o. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Àwọn ẹlòmíràn kò gbà á nítorí pé kò lè fi ohun tí ó wà ní ọwọ́ náà hàn wọ́n. Ní ìgbà náà, kò tí ì sí ẹni tí ó fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa irú àrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ọ ní àgbọ́yé tán, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí wọ́n gbà. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun; ṣùgbọ́n níhìn-ín, àgbà ni ọmọdé ń sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àti pé bí oníṣègùn kan bá wẹ ọwọ́ rẹ̀ lónìí, ó ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ni ó pa àwọn ti àná. Ta ni ó fẹ́ jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan wà, Gustav Michaelis, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Kiel. Ó gba ọ̀rọ̀ Semmelweis gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀bí fún ti kú ikú ibà náà, ó sì mọ̀ wàyí pé ọwọ́ òun ni ó pa á. Ìbànújẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọdún 1848.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn alátakò. Semmelweis náà ní àṣìṣe tirẹ̀, èyí sì kan àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gidigidi. Ó mọ ohun kan, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ferdinand Hebra àti Josef Skoda, ni wọ́n bá a gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Òun fúnra rẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Vienna sọ ọ́ títí di ọdún 1850. Ìròyìn tí ó dé ilẹ̀ òkèèrè kò pé, àwọn púpọ̀ sì ṣì í gbọ́, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ òkú nìkan ni ó ń sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1849, nígbà tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ pé, a kò fún un ní àfikún. Ní ọdún 1850 a fún un ní àyè láti máa kọ́ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òfin pé ère ni kí ó máa fi kọ́ni, kì í ṣe ènìyàn alààyè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kò dágbére fún ọ̀rẹ́, kò dágbére fún ojúlùmọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Ní ìlú Pest, tí odò Danube pín níyà sí Buda tí a ti bí i, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St. Rochus ní ọdún 1851, láìgba owó oṣù. Níbẹ̀ náà ó gbé òfin ọwọ́ wíwẹ̀ kalẹ̀. Láàárín ọdún 1851 sí 1855, abiyamọ 933 ni ó bímọ níbẹ̀, mẹ́jọ péré ni ibà náà sì pa. Ní ọdún 1855 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà. Ní ọdún 1857 ó gbé Maria Weidenhofer níyàwó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, méjì nínú wọn sì kú ní kékeré. Ní ọdún 1861, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ó rí òtítọ́ náà, ni ó tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde. Ìwé náà gùn, ó sì ṣòro láti kà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ta á nù. Nígbà náà ni sùúrù tán ní ọkàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbẹ̀bí tí orúkọ wọn ń dún ní Europe, ó sì ń pè wọ́n ní apànìyàn lójú gbogbo ayé. Òtítọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá là ní kùmọ̀ kì í dúró gbọ́ ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó ṣí, ó tì í mọ́lẹ̀.

Òpin ọkùnrin yìí ṣe ni láàánú. Nígbà tí ó di ọdún 1865, ìwà rẹ̀ ti yí padà débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe mọ́. Ní òpin oṣù Keje, wọ́n mú un lọ sí Vienna. Hebra, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ni ó sì mú un dé ilé àwọn alárùn ọpọlọ, bí ẹni pé ilé ìwòsàn tuntun ni ó fẹ́ fi hàn án. Nígbà tí ó mọ̀ pé a ti tan òun, tí ó sì fẹ́ jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ lù ú, wọ́n sì dè é. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ ọdún 1865 ni ó kú, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ohun tí ó pa á ni ọgbẹ́ tí ó di egbò, tí ìdíbàjẹ́ rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀jẹ̀; irú ikú tí ó pa Kolletschka ọ̀rẹ́ rẹ̀, irú ikú tí ó ti lé kúrò lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún abiyamọ. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó sin òkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í bá ẹni tí ó sọ ọ́ wọ ibojì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an, ní ìlú Glasgow, Joseph Lister bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn apakòkòrò di ojú ọgbẹ́ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ní ọdún 1874, Theodor Billroth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vienna kan náà, fún irú kòkòrò kan tí a rí nínú egbò ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, èyí ni Streptococcus. Ní ọdún 1879, ní ìlú Paris, àwọn oníṣègùn ń jiyàn lórí ohun tí ń fa ibà abiyamọ. Louis Pasteur dìde láàárín wọn, ó lọ sí ibi pátákó ìkọ̀wé, ó sì ya kòkòrò náà fún wọn bí ó ti rí i nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá: róbótó róbótó, tí wọ́n so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Ohun tí Semmelweis kò lè fi hàn nìyí. Òun ni ó lúgọ sí ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Vienna. Ní ọdún 1891 a gbé egungun rẹ̀ padà sí Budapest, orúkọ tí ìlú Buda àti Pest ń jẹ́ láti ìgbà tí a ti so wọ́n pọ̀ ní ọdún 1873. Láti ọdún 1969 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá tí ó wà níbẹ̀ sì ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1935 ni Gerhard Domagk, ará Jámánì, kéde oògùn Prontosil. Ní ọdún 1936 Leonard Colebrook fi hàn ní London pé ó ń gba àwọn tí ibà abiyamọ mú là. Lẹ́yìn èyí ni penicillin dé, títí di òní sì ni ó ṣì ń ṣẹ́gun Streptococcus tí ń fa ibà náà.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni èyí kan àwa tí a kì í ṣe oníṣègùn? Ó kàn wá púpọ̀. Kòkòrò tí ń pa àwọn abiyamọ Vienna kò fi ayé sílẹ̀. Òun kan náà ni ó máa ń wọ ọ̀fun àwọn ọmọ ilé ìwé, tí ọ̀fun yóò máa dùn wọ́n, tí ibà yóò sì mú wọn. Òun ni ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn egbò tí ń ṣọyún ní ojú àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Nígbà míràn, bí a kò bá tọ́jú ọ̀fun tí ń dun ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà oríkèé ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú, àrùn náà yóò sì ba àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn rẹ̀ jẹ́, débi pé tí ó bá dàgbà kò ní í lè sáré, kò ní í lè gun òkè láìmí hẹlẹ. Láti ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irú èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni pé ní ọjọ́ orí tí a fi àwọn ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Penicillin tí oníṣègùn bá fún ọmọ náà ní àsìkò, tí ó sì lò ó pé iye ọjọ́ tí a dá fún un, lè dènà ibi yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọmọ kò lè gbé itọ́ mì? Olùkọ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ilé ìwé tí a ó rán wa lọ, ẹ jẹ́ kí omi àti ọṣẹ wà ní àrọ́wọ́tó àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, láti fi aṣọ tàbí ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń húkọ́, kí wọ́n má sì máa fi ife kan ṣoṣo mu omi káàkiri. Ọmọ tí ó ní egbò, kí a wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a sì dì í. Ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tí ara rẹ̀ sì gbóná, kí a rán an lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe nà án pé kò dá orin. Àti ní ilé tiwa, bí obìnrin bá ń rọbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ tí a kò wẹ̀ kàn án, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ nínú ayé Semmelweis. Èkínní ni pé nígbà tí ibi bá ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, kí a tó wo afẹ́fẹ́, kí a tó wo àjèjì, ọwọ́ ara wa ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ọmọ ogún bá jókòó níwájú olùkọ́ tí ẹyọ kan kò sì mọ ìwé, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí a wẹ̀. Èkejì ni pé kò tó kí ènìyàn mọ òtítọ́. Ó yẹ kí ó mọ bí a ti í fi í kọ́ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni Semmelweis fi dúró kí ó tó kọ ìwé, nígbà tí ó sì kọ̀wé tán, ó fi ìbínú kọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó fi sùúrù kọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn abiyamọ ń kú. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ̀mí lè wà nínú rẹ̀.

Ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi í mọ́. Bí oníṣègùn ti ń ṣe tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí àwa náà ṣe tiwa ní ilé ìwé, kí àdúrà àwọn àgbà lè máa gbà ní ilẹ̀ wa, kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì máa gbọ́ ohùn ọmọ.